Ọkọ̀ Tí Wọ́n Pè Padà

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ojú-ìwé yìí kọjá, kí ó wí pé, "Kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀, èmi tí n kò ní kẹ̀kẹ́?" Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ń wọ ọkọ̀. Ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ilé-ìwé láàárọ̀, tí ó juwọ́ sí i, tí ó sì padà sínú ilé lọ dáná, ọ̀rọ̀ yìí kàn án bí ó ti kan ẹni tí ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ìyàwó mi àti mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wa ń lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ọ̀rẹ́ mi kan ti ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ wa. Ó ti lo ọdún méjì lọ́wọ́ wa, kò sì fún wa ní wàhálà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a kọjá Ògèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni tí ó ń wúkọ́. Mo tẹ iná mọ́ ọn, kò gbọ́. Kí n tó ka ení, èjì, ẹ́ńjìnnì ti kú, ọkọ̀ sì dúró gbagidi sí àárín ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Awakọ̀ rẹ̀ fọn fèrè, ó yà bàrá, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Atẹ́gùn rẹ̀ nìkan mi ọkọ̀ wa jìgìjìgì. Ìyàwó mi ti gbá ọmọ wa kékeré mọ́ àyà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ nínú wa.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan bá wa tì í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí ó ti sinmi díẹ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó sì dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é. A dé Ìbàdàn, a jẹ iyán ìgbéyàwó, a sì padà sílé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi. Ó ní, "Àáfà, píìlọ́ọ̀gì ni." A pààrọ̀ píìlọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ tún kú. Ó ní epo tí mo rà ni ó dọ̀tí. A fọ táǹkì. Ọkọ̀ tún kú. Ó ní kí n lọ rí rẹ́wáyà. Rẹ́wáyà náà gba owó tirẹ̀. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo ohun tí mo ná, owó náà tó ra àgbò iléyá méjì. Mo ti ń bínú sí mẹkáníìkì yìí, mo ti ń wí nínú ọkàn mi pé oníjìbìtì ni. Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì ti bẹ̀ ẹ́. Kò mọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀ náà ni. Àwọn tí ó mọ̀ wà ní òkè òkun, wọ́n sì ti mọ̀ tipẹ́.

Àbúrò ìyàwó mi kan tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó tú àṣírí náà. Ó pè wá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi sì ro ìyà tí ọkọ̀ yìí fi ń jẹ wá fún un. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá mi ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ yín." Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo kà á: lẹ́tà àti nọ́ńbà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi pè padà. Ó ní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà ti ké sí gbogbo irú rẹ̀ pé kí wọ́n padà wá fún àtúnṣe. Pọ́ńbù tí ó ń fa epo láti inú táǹkì lọ sí ẹ́ńjìnnì ni kò dára. Àgbá kékeré kan tí wọ́n fi ike ṣe ń yí nínú pọ́ńbù náà. Epo a máa wọ inú ike yìí, ike a máa wú, títí yóò fi há, tí kò ní lè yí mọ́. Bí pọ́ńbù bá ti dúró, epo kò dé ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ yóò kú níbi tí ó bá wà, ìbáà jẹ́ àárín ọ̀nà márosẹ̀.

Wọ́n ti kọ ìwé sí ẹni tí ó ni ọkọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn ti tà á. Ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwé kò wọ ọkọ̀ ojú omi.

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ kan lọ. Mo gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣojú wọn ní Èkó. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jókòó ní ìdí tábìlì kí mi dáadáa, ó sì wo nọ́ńbà náà nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Òótọ́ ni pé wọ́n ti pe irú ọkọ̀ yìí padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa la tà á fún yín. Orúkọ yín kò sí nínú ìwé wa."

Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé orúkọ mi ni yóò kú sí àárín ọ̀nà ni, àbí ọkọ̀ tí ẹ ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wọ inú lọ, ó sì pẹ́ kí ó tó jáde. Ó ní ọ̀gá òun gbà kí òun kọ orúkọ mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n pọ́ńbù tuntun kò tíì sí nílẹ̀. "Bí ó bá ti dé, a ó pè yín, sà."

Mo dúpẹ́, mo sì lọ. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá. Mo pè wọ́n. "Kò tíì dé o, sà." A gba ààwẹ̀, a ṣe ìtúnu, a pa ẹran iléyá. Kò tíì dé.

KÍ NI ÌPÈ-PADÀ?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Aránṣọ kan rán aṣọ ẹbí fún 50 ènìyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé aṣọ lọ, ó tún òwú rẹ̀ yẹ̀ wò, ó rí i pé òwú náà ti jẹrà. Bí ó bá jẹ́ ọmọlúwàbí, yóò ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé kí wọ́n kó aṣọ padà wá, kí òun tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń ṣe nìyẹn. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1966 ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí àléébù tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba, kí wọ́n kọ ìwé sí àwọn tí ó ni ọkọ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe láìgba owó. Bí aṣọ bá tú lára ènìyàn, ìtìjú ni. Bí ọkọ̀ bá yọnu ní ọ̀nà, ó lè di ikú.

Ètò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ibi méjì ni ó ti ń já. Èkíní ni pé ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ lè mọ̀, kí ó má tètè sọ. Èkejì ni pé ó lè sọ, kí ó má tètè tún un ṣe. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ gbọ́ ti èkíní. Ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ṣe àwọn ọkọ̀ kan tí ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ kò lágbára. Bí kọ́kọ́rọ́ mìíràn bá pọ̀ lára rẹ̀, tàbí bí ọkọ̀ bá ta gìrì nínú kòtò, kọ́kọ́rọ́ lè yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò kú lórí eré, ọwọ́ ọkọ̀ yóò le koko, àpò afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú kò sì ní ṣí. Àwọn òṣìṣẹ́ kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ti mọ̀ nípa àléébù yìí fún ohun tí ó ju ọdún 10 lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọkọ̀ náà padà ní oṣù Èrèlé, ọdún 2014. Ọkọ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 2.6 ni. Nígbà tí wọ́n gbé owó kalẹ̀ láti fi tu àwọn ẹbí nínú, òkú 124 ni wọ́n gbà pé àléébù náà lọ́wọ́ nínú ikú wọn. Ní ọdún 2015 ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san 900 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi owó pe òkú jí?

ÀPÒ AFẸ́FẸ́ TAKATA

Ti èkejì ni ó kàn wá jù, ẹ̀yin ará mi. Nínú ọwọ́ ọkọ̀, àti nínú dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ẹni tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àpò kan wà níbẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹ́ábáàgì. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, èròjà kan nínú agolo irin kékeré yóò gbaná, yóò di afẹ́fẹ́, àpò yóò sì wú kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Orí àpò yìí ni àyà àti ojú yóò balẹ̀ sí dípò irin.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Jàpáànù, Takata ni orúkọ rẹ̀, ni ó ń ṣe irú àpò yìí fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Èròjà tí wọ́n fi sínú agolo náà ni ammonium nitrate, èyí tí a tún ń lò fún ajílẹ̀ oko. Èròjà yìí kò fẹ́ ọ̀rinrin, kò sì fẹ́ ooru tí ń lọ tí ń bọ̀. Ẹ̀yin ìyá mọ bí iyọ̀ ti ń rí bí a bá fi í sílẹ̀ láìdé ní àkókò òjò: yóò fa omi, yóò gbẹ, yóò tún fa omi, títí yóò fi fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èròjà yìí ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí ó bá gbaná, kì í jó wẹ́rẹ́ mọ́, ńṣe ni yóò bú gbàmù. Agolo irin yóò fọ́, èéfọ́ rẹ̀ yóò sì gba inú àpò jáde sí ojú àti ọrùn ẹni tí àpò náà fẹ́ gbà là.

Ní ọdún 2008, nǹkan bí ọkọ̀ 4,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ pè padà nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀ títí ó fi kan nǹkan bí mílíọ̀nù 67 àpò afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà nìkan, àti nǹkan bí mílíọ̀nù 100 ní gbogbo ayé. Ó ju ènìyàn 20 lọ tí ó ti kú ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Agẹmọ, ọdún 2014, ní Malaysia, ilẹ̀ tí ó gbóná tí ó sì kún fún òjò bíi tiwa, aláboyún kan kú nígbà tí àpò afẹ́fẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ bú. Èéfọ́ irin ni ó bá a lọ́rùn. Ọmọ inú rẹ̀ náà kò yè.

Ìgbà tí gbogbo ayé wá mọ̀ tán ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. Àwọn àpò tí a ó fi rọ́pò kò tó. Ní Amẹ́ríkà, ẹlòmíràn gba ìwé pé ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ lè pa á, ìwé kan náà sì ní kí ó máa retí, nítorí ohun àtúnṣe kò tíì sí. Ilé-iṣẹ́ mìíràn kàn pa àpò ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó síbẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà wá pín in ní ìpele-ìpele. Àwọn tí ó ń gbé níbi ooru àti ọ̀rinrin ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún tiwọn ṣe: Florida, etí òkun Texas, Hawaii, Puerto Rico.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná, kí ẹ bá mi rò ó. Bí ó bá jẹ́ pé Florida ni ó yẹ kí ó ṣáájú nítorí ooru, kí ni a ó wí nípa Èkó? Kí ni a ó wí nípa Pọ́tọ̀-Nóvò àti Lomé, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti ń bá ọkọ̀ sùn, tí wọ́n ń bá a jí? Ọkọ̀ kan náà ni. Ní oṣù Òkúdù, ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa àwọn ọkọ̀ Honda kan: Civic àti Accord ti ọdún 2001 àti 2002, CR-V àti Odyssey ti 2002, Pilot ti 2003, àti àwọn Acura kan. Wọ́n ní nínú àwọn tí wọn kò tíì tún ṣe, bí àpò bá ṣí nígbà ìjàǹbá, ó lè tó ìdajì wọn tí yóò bú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wà wọ́n, àfi láti gbé wọn lọ fún àtúnṣe. Ta ni nínú wa tí kò rí irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní àdúgbò rẹ̀?

Ní ọdún 2017, Takata gbà ní ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé òun jẹ̀bi ẹ̀tàn, wọ́n sì bu bílíọ̀nù kan dọ́là lé e. Ní oṣù Òkúdù ọdún náà, ó kéde pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Olóko ti kú, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbìn ṣì wà nínú ọkọ̀ káàkiri ayé.

Ẹ ó bi mí pé, báwo ni ọkọ̀ tí wọ́n ti pè padà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Ní Amẹ́ríkà, wọn kò gbọdọ̀ ta ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ti pè padà kí wọ́n tó tún un ṣe. Láti ọdún 2016, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń fi ọkọ̀ yá ènìyàn náà kò gbọdọ̀ fi irú rẹ̀ yá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ènìyàn ti lò, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn tí ó ní kí a má tà á bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni tòkunbọ̀ ń gbà dé Kútọnu àti Èkó.

ỌJỌ́ TÍ MO FẸ́ TA TÈMI

Nígbà tí ìdúró sú mi, mo pinnu láti ta ọkọ̀ náà. Olùkọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, wá wò ó ní ọjọ́ Àìkú kan, òun àti ìyàwó rẹ̀. Oyún ìyàwó náà ti hàn dáadáa. Ọkọ̀ mọ́ tónítóní, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó na ọwọ́ owó sí mi, owó náà sì tó. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n wọlé mú ìwé ọkọ̀ wá.

Ìyàwó mi bá mi nínú yàrá. Ó rọra bi mí, "Bàbá Sọ́díìkì, ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

Mo ní, "Ṣé èmi ni mo ṣe pọ́ńbù náà ni?"

Kò fèsì. Ó kàn ń wo mí. Ojú mi padà sí ọ̀nà Ògèrè, mo rí i bí ó ti gbá ọmọ mọ́ra. Mo sì rántí ohun tí èmi fúnra mi ti ń sọ fún àwọn ọlọ́jà nínú wáàsí láìmọye ìgbà: ìtàn bí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ṣe ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ọlọ́jà náà ní òjò ni ó pa á. Òótọ́ ni, kì í ṣe òun ni ó da omi sí i. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò gbà á sílẹ̀. Wọ́n bá a wí pé kí ló dé tí kò gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Òjò kì í ṣe ẹ̀bi ọlọ́jà, àmọ́ bíbò ó mọ́lẹ̀ ni ẹ̀bi rẹ̀. Èmi náà kọ́ ni mo ṣe pọ́ńbù, ṣùgbọ́n èmi ni mo fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Mo jáde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Olùkọ́ náà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lọ láìra ọkọ̀. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí. Mo nílò owó náà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tí olùkọ́ yìí padà wá sí ilé mi lálẹ́. Ó ti rí ọkọ̀ mìíràn tí ó fẹ́ rà, ó sì kọ nọ́ńbà 17 náà sórí bébà. Ó ní, "Àáfà, ẹ bá mi wò ó bí ẹ ti wo tiyín." Ọmọbìnrin mi tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ìpè-padà méjì ni ó jáde, ti àpò afẹ́fẹ́ sì wà nínú rẹ̀, wọn kò tíì tún un ṣe. Ọkọ̀ náà lẹ́wà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ó fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ kẹta ni ó wá rà. Èmi ni mo ṣe àdúà níbi ìsọmọlórúkọ wọn.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Mo bẹ̀ yín, ẹ gé ibi yìí pamọ́.

Èkíní: ẹ ka nọ́ńbà ọkọ̀ yín. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ní apá awakọ̀, ó sì máa ń wà ní ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ pẹ̀lú. Ó jẹ́ 17. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀ rárá, nítorí náà ohun róbótó tí ẹ bá rí, òdo ni.

Èkejì: ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ tí ń ṣọ́ ààbò ojú ọ̀nà ní Amẹ́ríkà, NHTSA, ní ojú-ìwé tí a ti lè tẹ nọ́ńbà yìí sí láìsan kọ́bọ̀ fún àwọn ọkọ̀ tí ó wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní tiwọn. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n tẹ̀, ẹ pe ọmọ yín. Ẹ ṣe é kí ẹ tó ra ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí owó ti lọ.

Ẹ̀kẹta: bí ó bá jáde pé wọ́n ti pè é padà, ẹ lọ sọ́dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì kọ ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ní Nàìjíríà, àjọ FCCPC wà, èyí tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Òfin yẹn ní ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọjà òun léwu gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: ní àkókò ìdúró, ẹ ṣọ́ra. Bí ìkìlọ̀ bá ní kí a má wà á, ẹ gbé e kalẹ̀. Bí àléébù bá jẹ́ ti àpò ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kí ẹnikẹ́ni má jókòó níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni ibi ọmọdé nínú ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà. Kí gbogbo yín sì de bẹ́líìtì.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tú àpò afẹ́fẹ́ fún yín. Ohun tí ń bú gbàmù ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù ní Ládípọ̀ tàbí níbikíbi, nítorí ó lè jẹ́ èyí tí ẹ ń sá fún gan-an ni ẹ ó gbé padà wálé.

Ẹ̀kẹfà, ẹ̀yin ìyá ni mo fi èyí rán: ẹ bi ẹni tí ó ni ọkọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ yín léèrè nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá Àsàlátù, bí ẹ bá fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì lọ sí òde, ẹ bi wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan tí obìnrin mẹ́wàá bá bi awakọ̀ kan ní ìbéèrè kan náà, òun fúnra rẹ̀ yóò lọ wá ìdáhùn.

Ní ti ọkọ̀ tèmi, mo fi owó ara mi ra pọ́ńbù tuntun, mo sì fi rìsíìtì rẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé tí mo kọ sí wọn. Kò tún kú mọ́. Àwọn tí ó ní àwọn yóò pè mí kò tíì pè mí títí di òní. N kò dákẹ́, mo ṣì ń kọ ìwé. Ṣùgbọ́n n kò fi ẹ̀mí àwọn ọmọ mi dúró dè wọ́n, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpè kì í tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni tí ó pe ọkọ̀ padà tí kò tún un ṣe kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó sì mọ̀, tí ó tà á fún ẹlòmíràn láìsọ, ti gba ẹ̀bi náà lé orí ara rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ẹ kí àwọn ará ilé fún mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà o.